Ẹni Tó Ń Wo Ahọ́n Wa

Wọ́n parọ́ níbi fìdáù ìyá mi àgbà. Àáfà tí wọ́n pè wá láti Oníyanrìn, tí kò bá olóògbé gbé rí, gbé ohùn sókè, ó ní oníwà tútù ni ìyá náà, ó ní kò bínú sí ọmọdé rí títí Ọlọ́hun fi gbà á. Gbogbo èrò ṣe àmín. Èmi pòṣé. Àbúrò bàbá mi tó jókòó tì mí gbá mi nítan, ó ní ṣé mo fẹ́ dójú ti òkú ni. Mo ní mi ò dójú ti ẹnikẹ́ni, pé gbogbo wa la wà nílé yìí nígbà tí òkú wà láàyè, a sì mọ ohun tí ojú wa rí.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Àáfà yẹn ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la máa gbọ́ kẹ́yìn nípa rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, kó kọ tirẹ̀.

Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrunkà. Òun ló bí bàbá mi. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Á jókòó sórí àpótí kékeré kan tí ìjókòó ti mú dán, á máa ran òwú, ìrànwú á máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa bá ti gbé igbá wọn lórí, tí wọ́n kọjá sí Ọjà'ba, gbogbo ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn ìyá wa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń bá àwọn mójú tó ọmọ. Wọn kì í sí nílé ni wọn ò fi mọ̀ pé ogun ló ń jà. Arúgbó kan wà ní ìhà kan, àwọn ọmọ kéékèèké wà ní ìhà kejì, ẹnikẹ́ni ò sì gbà fún ẹnì kejì.

Àwọn ìyá àgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá sọ ìsọkúsọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọmọdé ni. Tiwa ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọdé ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti lè sọ̀rọ̀ ti lè jẹ́jọ́. Kò bá wa ṣeré rí. Gbogbo ohun tó bá wa ṣe, òótọ́ inú rẹ̀ ni, pàápàá ìjà.

Ẹ gbọ́ ti Kúdí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. Ìyá ń jẹ àkàrà lárọ̀ọ́ ọjọ́ kan, ó ń rọra fi èrìgì tẹ̀ ẹ́, nítorí eyín ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kúdí dúró síwájú rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ti ń lọ bó ti ń bọ̀. Ó wò ó títí, ó wá bi í pé:

"Ìyá, ta ló jẹ eyín yín?"

A bú sẹ́rìn-ín. Ìyá gbé àkàrà sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Láti ìṣẹ́jú náà ló ti ń bá Kúdí yodì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ni. Bí Kúdí bá dúró sínú oòrùn, Ìyá ò ní bá a sọ̀rọ̀, á kọjú sí ẹlòmíràn, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn kó bọ́ sábẹ́ òjìji." Bó bá bu oúnjẹ fún gbogbo wa, á gbé ti Kúdí fún mi, á ní kí n bá òun gbé e fún ẹni tó ni ín. Kúdí á jí láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá." Ìyá á yí ojú sí ọ̀nà Màpó. Ọmọ náà á dìde, á yí lọ síwájú rẹ̀, á tún kúnlẹ̀. Ìyá á tún yí ojú sí Bẹẹrẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń yí àpótí náà po, arúgbó ń yídìí, ọmọdé ń rìn yí i ká, kálukú ń wo ibi tí agbára ẹnì kejì máa pin sí.

Nígbà tó yá, ìyá Kúdí gbé obì wá, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá ti obì padà sí i. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo bi mí léèrè ni?" Ìyá Kúdí ní kí wọ́n dákun, ọmọdé ni, kò mọ nǹkan tó ń sọ. Ìyá ní bó bá mọ̀ ọ́n béèrè, ó mọ̀ ọ́n sọ. Ló bá di pé Kúdí fúnra rẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó yọ ẹran tó ń jẹ lọ́wọ́ kúrò lẹ́nu, ó gbé e lé Ìyá lọ́wọ́ pẹ̀lú itọ́ lára rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà, ẹ má bínú mọ́." Ìyá wo ẹran náà. Ó fi omi inú ife rẹ̀ ṣàn án, ó jù ú sẹ́nu, ó ń yí i kiri níbi tí kò ti lè jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ náà mọ́ra.

"Ẹni tó lẹ́nu láti bú mi," ó ní, "ó lẹ́nu láti bẹ̀ mí."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé yóò kàn mí.

Bí òjò bá rọ̀ tí gbogbo wa kó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá máa ń gbé ọpọ́n ayò jáde. Mo ti gbọ́ pé ní àwọn ilé mìíràn, àgbà máa ń jẹ́ kí ọmọdé pa òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí inú ọmọ lè dùn. Ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa pa òun rí. Á ta wá láyò, á kó wa lọ́mọ ayò tán, á tún fi ẹnu tí kò léyín rẹ́rìn-ín sí wa.

Ràbíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni kì í gbà. Ó kéré sí mi díẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí Ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ tán, ó mú ọ̀kan tó kù, ó jù ú sẹ́nu. Ìyá rí i. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Tu ú." Ràbíù wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ọmọ ayò mì. Ìyá ò nà án. Ó ní kí wọ́n gbé ọpọ́n náà sórí àjà bó ti wà, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó yan ẹ̀gbọ́n Ràbíù tì í, kó máa bá a lọ sẹ́yìn ilé nígbàkígbà tó bá ní inú ń run òun. Nígbà tí ọmọ ayò jáde lọ́jọ́ kejì, Ìyá ní kí wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó gbé ọpọ́n kalẹ̀, ó dá ọmọ ayò padà sójú ihò rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ló kàn." Ràbíù ta á, Ìyá sì kó o mọ́ tirẹ̀. Ràbíù bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ẹkún kì í ṣe ọmọ ayò," ni Ìyá sọ, ó ń kó ọpọ́n rẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé Ràbíù yìí o, àti pé Ìyá mọ irú ọmọ tó jẹ́.

Mo ti dé ibi ọ̀rọ̀ tèmi wàyí. Ní oṣù ààwẹ̀, Ìyá ni adájọ́ gbogbo ọmọdé ilé. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ oyè yẹn. Ọmọ tó bá sọ pé òun gba ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ wá síwájú àpótí rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alaasárì, kó yọ ahọ́n síta. Ó gbà pé ahọ́n ẹni tó gba ààwẹ̀ máa ń funfun, nítorí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ láti àárọ̀, àti pé ti ẹni tó jẹun máa ń pọ́n. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá funfun á bá àwọn àgbà jókòó sórí ẹní láti ṣínu, wọ́n á sì fún un ní itan adìẹ. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ọmọ náà, Ìyá á dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún, á fà á lọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, á máa fi oríkì pè é kí gbogbo ilé gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Ìyá ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Sàlámátù ni mò ń jẹ́ nílé kéwú àti nílé ìwé, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni Ìyá ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi lé e lọ́wọ́. Ohùn kan wà tó fi máa ń pè é, tó máa ń fà á díẹ̀ níparí, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ nígbà náà tó kọjá kó fi ohùn yẹn pè mí yí agbo ilé ká.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mo fi gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan pé. Mo jẹ sàárì, mo sì pa ẹnu mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí oòrùn mú, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù nínú yàrá ìyá mi, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Mo rí omi nínú àmù, mo yí ẹ̀yìn sí i. Mo gbà á o. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, mo gba ààwẹ̀ náà.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí Ìyá ń wá lára ahọ́n. Mi ò tíì wà lórí ìlà náà rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tó ń wo ẹnu wa láàárọ̀ bóyá a fọ̀ ọ́, ó ti fa etí mi, ó ní, "Ahọ́n wo nìyí, tó funfun bí ìdí ìkòkò ògì? Ọmọbìnrin ni ọ́ ṣá?" Nítorí náà, nígbà tí mo gbé dígí ìyá mi, tí mo yọ ahọ́n wò, tí mo rí i tó funfun, ojú tì mí. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo rò pé ẹni tó gba ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní lọ síwájú Ìyá. Mo mú orín, mo fi họ ahọ́n mi títí ó fi ń ta mí. Mo fi omi yọ ẹnu, mo tu gbogbo rẹ̀ dànù, mo tún fi aṣọ nu ahọ́n gbẹ kí omi kankan má baà yọ́ wọ ọ̀fun. Mo wá jáde, inú mi ń dùn.

Ràbíù ló wà níwájú mi lórí ìlà. Ó yọ ahọ́n. Ó funfun bí ẹfun. Ìyá di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ahọ́n ọmọ Mùsùlùmí rèé! Ẹ wá wò ó!" Ó wá kàn mí. Mo la ẹnu gbàgà.

Ìyá yí àgbọ̀n mi sí ìmọ́lẹ̀.

"Ahọ́n yìí pọ́n," ó ní. "Kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan, Ìyá."

"Kí lo mu?"

"Mi ò mu nǹkan kan."

"O jẹun, o tún wá ń parọ́ lé e. Nínú ààwẹ̀!"

Mo ní mo fi orín họ ọ́ ni. Ìyá ní kí ló dé tí ẹni tí kò jẹun á fi máa họ ahọ́n, àfi bó bá ní ohun tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ìyá mi sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ọmọdé ni, ẹ dárí jì í." Inú bí mi sí òun náà, nítorí ìdáríjì kọ́ ni mo wá gbà, itan adìẹ ni mo wá gbà. Ìyá mi yíjú sí mi, ó ní, "Jẹ́wọ́, kó tán." Mo ní mi ò jẹun. Ó fún mi ní ìfọ́tí, mo ní mi ò jẹun.

Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò pariwo. Ó mú ìrànwú rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Sàlámátù." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Ọjọ́ tó o bá fẹnu ara ẹ sọ pé o jẹun, ọjọ́ náà ni mo máa pè ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́."

Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń gbọ́ bó ti ń fa Ràbíù lọ́wọ́ yí ilé ká: "Ẹ wá wo Àjàní mi o! Ó gba ààwẹ̀ bí ọkùnrin!" Ràbíù fi itan adìẹ hàn mí láti ọ̀nà jíjìn.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tí mò ń retí. Mo rò pé yóò yodì fún ìgbà díẹ̀, bíi ti Kúdí, pé tó bá yá, á tán. Ṣùgbọ́n Kúdí ní ohun tó máa bẹ̀bẹ̀ fún. Èmi ò ní. Mi ò sì lè gbé irọ́ bí ẹran sí Ìyá lọ́wọ́. Kò bá mi yodì, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń fi òróró pa mí lára nígbà ọyẹ́, ó ń rán mi níṣẹ́. Sàlámátù, gbé omi wá. Sàlámátù, lé adìẹ yẹn lọ. Orúkọ mi nìkan ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá mi bí obìnrin mìíràn nílé ìgbẹ̀bí ní Yemetu. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Àáfà pe ọmọ náà ní Nìmọ́tà. Wọ́n wá gbé e fún Ìyá kó fún un ní oríkì. Ó gbé ọmọ sórí itan, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ni."

Gbogbo àwọn obìnrin yíjú sí mi. Ìyá mi, tí kì í dá Ìyá lóhùn, ló fi ohùn kékeré sọ pé, "Ìyá, ṣebí Àbẹ̀kẹ́ kan ti wà nílé."

Ìyá gbójú sókè, ó wò yíká ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò kọjá orí mi níbi tí mo dúró sí.

"Mi ò rí i," ó ní.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́nu ọ̀gá, lẹ́nu ọkùnrin, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó o. Láti ọjọ́ náà, bó bá pe Àbẹ̀kẹ́, orí mi á gbé sókè fúnra rẹ̀ kí n tó rántí. Ìyá á rí i. Á sì ní, "Kì í ṣe ìwọ."

Mi ò bá Nìmọ́tà jà lórí rẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Òun gan-an ló bá mi gbẹ̀san láìmọ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ta, ó gun orí àpótí Ìyá, ó sì tọ̀ sí i. Ìyá padà dé, ó jókòó sínú ìtọ̀. Ó dìde pẹ̀lú ẹ̀yìn ìró tó tutù, ó kígbe pé, "Àbẹ̀kẹ́!" Mo jókòó jẹ́jẹ́ níbi tí mo wà. Ó ti ní kì í ṣe èmi.

Ìyá ò gbà kí ọ̀rọ̀ náà parí sọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa. Bàbá Mọ́gàjí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti kóòtù Màpó bọ̀ ni, níbi tí wọ́n ti ń bá ẹjọ́ ilẹ̀ fà á láti àárọ̀, kò tíì bọ́ agbádá lọ́rùn. Wọ́n gbé àga fún un. Ìyá ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbé àpótí náà síwájú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bàbá Mọ́gàjí yíjú sí Nìmọ́tà, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí ni tìrẹ?"

Nìmọ́tà fi ìka ńlá bọnu, ó rò ó.

"Àpótí ló kọ́kọ́ tọ̀ sí mi," ó ní.

Bàbá Mọ́gàjí rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ìyá ò rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń gbọ́, kí wọ́n dájọ́. Bàbá Mọ́gàjí dá a pé kí olùjẹ́jọ́ lọ fọ àpótí. Nìmọ́tà lọ gbé búta tí Bàbá Mọ́gàjí fẹ́ fi ṣe àlùwàlá, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sórí àpótí, ìrun Alaasárì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó ti ń wá omi mìíràn kiri ló ń ráhùn pé, "Ìyàwó wa, ṣé ẹjọ́ tí ẹ máa ń pè mí sí nìyí?"

"Bí a ò bá dá ẹjọ́ ìtọ̀ lónìí," ni Ìyá dá a lóhùn, "ẹjọ́ olè la ó dá lọ́la."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tó sọ ọ́ ló dá ẹjọ́ tèmi lódì.

Ọdún ń gorí ọdún. Rédíò alápótí wọ agbo ilé wa, a gba òmìnira, Ràbíù kọ́ṣẹ́ télọ̀, èmi di tíṣà. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n ní kí n máa kọ́, nílé ìwé kan ní Òkè Pádre, mo sì gba yàrá síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá bá mi: ẹni yìí jẹ ẹ̀pà mi, ẹni yẹn gbé pẹ́ńsù mi. Bí ọmọ bá sọ fún mi pé òun ò ṣe é, mi kì í sọ fún un pé ó ń parọ́, bí epo ẹ̀pà bá tilẹ̀ ń dán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tíṣà yòókù ní mo rọ̀ jù. Wọn ò mọ ilé tí mo ti wá.

Lọ́jọ́ Iléyá kan ni àṣírí tú. Gbogbo wa jókòó, a ń jẹ ẹran àgbò, inú Ràbíù ń dùn nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ló bá ní òun fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé a rántí ọjọ́ tí òun gba ààwẹ̀ àkọ́kọ́? Ó ní ògì ni òun mu. Ó ní lọ́sàn-án gangan ni òun yọ́ wọ ilé ìdáná ìyá òun, tí òun mu ògì tútù ní àmuyó, ògì náà ló wà lórí ahọ́n òun tí Ìyá ń pe aráyé wá wò.

Ilé ya sẹ́rìn-ín. Kúdí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Èmi gbé àwo mi sílẹ̀, mo yíjú sí Ìyá.

"Ìyá, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Etí mi ò tíì di."

Mo dúró. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí mò ń dúró dè. Ìyá mú ẹran kan nínú àwo rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹran yìí le," ó ní.

Mo dìde, mo gba Òkè Pádre lọ láìdágbére. Mo rin ọ̀nà náà pẹ̀lú omijé, mo sì ń bú u sínú. Kí ló lè ná an? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó fi agbára mú ọmọ ọdún mẹ́ta kó wá bẹ òun, nítorí eyín tí kò sí lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, òun alára ò lè ṣí ẹnu. Láti ọjọ́ náà, mo dín ẹsẹ̀ mi kù ní Bẹyẹrunkà.

Nìmọ́tà ló wá pè mí nígbà tí àìsàn wọ Ìyá lára. Òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo lọ nítorí Nìmọ́tà. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí kò sí ẹni tó jókòó lé e, mi ò wọlé. Oòrùn ń rọlẹ̀, wọ́n ti kírun Alaasárì tán. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, ó ti fẹ́lẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́."

Orí mi gbé sókè. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nìmọ́tà sáré wọlé. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ rí bákan.

"Ó ní kì í ṣe èmi."

Mo wọlé pẹ̀lú ìbínú mi gbogbo. Ìyá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ti kéré. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó ní kí n sún mọ́ ọn, kí n sì ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Mo ṣí i. Ìyá la ẹnu, ó yọ ahọ́n sí mi. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo na ọwọ́ sí ife omi. Ó mi orí.

"Wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

"Ó funfun, Ìyá."

"Ṣé bíi ti ẹni tó gba ààwẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ṣe bí ẹni ń sinmi. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú.

"Ògì ni Nìmọ́tà fún mi mu láàárọ̀," ó ní.

Mo dúró kó sọ ìyókù. Kò sọ ọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ó sì ń ṣe mí bíi kí n na arúgbó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Gbogbo ohun tí mo rí sọ ni ohun tí mo ti sọ láti ìgbà tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

"Ìyá, mi ò jẹun lọ́jọ́ náà."

"Mo ti gbọ́, Àbẹ̀kẹ́. Gbé omi yẹn wá."

Ó fà á díẹ̀ níparí, bó ti máa ń fà á. Mo gbé omi fún un. Ó mu ún, ó sùn. Kí n tó tún padà wá láti Òkè Pádre, wọ́n ti sin ín.

Ràbíù, tó sunkún ju gbogbo wa lọ níbi fìdáù, tó sì yẹ kó sunkún, ní ṣebí Ìyá ti bẹ̀ mí kó tó lọ. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Kúdí mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ jù ú lọ, Kúdí mú ẹran dání. Àáfà lè máa pè é ní oníwà tútù. Èmi mọ̀ pé obìnrin líle ni, ó gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, ó jókòó lé e títí ọmọ náà fi dàgbà, ọjọ́ tó sì dá a padà, ó pè mí, mo wọlé, ó sì tún gbé e lọ sí sàréè.

Nìmọ́tà ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ báyìí, kí inú mi lè dùn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á níparí. Mo gbìyànjú láti kọ́ ọ, mo rí i pé èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti bá tirẹ̀ lọ, ìyẹn ni mi ò ní foríjì í.